VCD, DVD tàbí Blu-ray: Èwo Ni Máṣíìnì Ilé Yín Máa Gbà?

Tí a bá ń ṣe ìnáwó ní Òṣogbo, owó nìkan la máa ń bá oní-fídíò nájà. A kì í béèrè irú pléètì tó fẹ́ kó fídíò náà sí. Tí pléètì bá délé tán, tí máṣíìnì ń kọ “No Disc”, ìgbà náà la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pè é. Gbogbo wọn rí roboto, gbogbo wọn ń dán, inú ni wọn kò ti bára mu.

VCD ló dàgbà jù, ọdún 1993 ló dé. Ìṣẹ́jú 74 sí 80 ni ọ̀kan ń gbà, nítorí náà ìgbéyàwó kan lè di pléètì mẹ́ta, kí ẹ máa dìde pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ìlà 288 ni àwòrán rẹ̀ ní, DVD ní 576, torí náà lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, ojú èèyàn á máa ṣe wúruwùru. Oore rẹ̀ ni pé máṣíìnì VCD ń kà á, ọ̀pọ̀ máṣíìnì DVD náà ń kà á. DVD kò lè wọ máṣíìnì VCD ní tirẹ̀: àmì tíntìntín tí wọ́n fi kọ fídíò sára rẹ̀ wẹ́ ju ohun tí iná máṣíìnì náà lè rí lọ.

DVD lèmi máa ń mú. Gígábáìtì 4.7 wà lórí ọ̀kan, ó tó nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dáadáa: -R ni àbí +R (irú méjì tí a lè kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan péré)? Máṣíìnì tuntun ń ka méjèèjì, àmọ́ -R ni àwọn àgbà máṣíìnì sábà máa ń gbà. Ẹ má gba RW, èyí tí a lè pa rẹ́ ká tún un kọ, fún ohun ìrántí, torí ọ̀pọ̀ máṣíìnì kì í rí i kà. Ẹ sì bi oní-fídíò bóyá ó ti “finalize” rẹ̀ (ìyẹn ni pé ó ti parí kíkọ rẹ̀ kí máṣíìnì mìíràn lè kà á), àti bóyá fódà VIDEO_TS, níbi tí máṣíìnì ti máa ń wá fídíò, wà nínú rẹ̀. Àwọn kan kàn ń da fáìlì sórí pléètì bí ẹni da gàárì sápò. Kọ̀ǹpútà á kà á, máṣíìnì ò ní mọ ohun tó jẹ́.

Ojú mi rí i nígbà tí a sìnkú ìyá wa. A fi pléètì kan náà ránṣẹ́ sí àbúrò wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti ẹ̀gbọ́n wa ní Amẹ́ríkà. Ti Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ò rí nǹkan kan, ó sì bínú bí ẹni pé a mọ̀ọ́mọ̀ yọ òun sílẹ̀ ni. Gbogbo ilé ní “region”, nọ́ńbà tó ń ti pléètì mọ́ apá ayé kan, ló fà á. Rárá o. Region wà lára fíìmù ilé-iṣẹ́ lóòótọ́ (Nàìjíríà 5, Amẹ́ríkà 1, Gẹ̀ẹ́sì 2), àmọ́ pléètì tí a fọwọ́ ara wa kọ kì í sábà ní in. Ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n ló fà á: PAL làwa àti Gẹ̀ẹ́sì ń lò, NTSC ni Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ máṣíìnì ibẹ̀ kì í sì í gba PAL. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà NTSC fún ẹni tó wà níbẹ̀.

Blu-ray dára, gígábáìtì 25, ṣùgbọ́n máṣíìnì DVD kò lè kà á. Ta ló ní máṣíìnì rẹ̀ ládùúgbò yín?

Tó bá jẹ́ máṣíìnì lẹ fẹ́ rà ní Ọláìyá tàbí Ọjà-Ọba, ẹ mú èyí tó ní ihò USB, tó sì ń ka PAL àti NTSC. Ẹ mú pléètì tó ń yọ yín lẹ́nu dání, kí wọ́n fi dán an wò lójú yín. Tí ọlọ́jà bá ní kò síná, ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́la.