HandBrake àti orúkọ tó ń gòkè níparí fídíò: ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlọrin

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bá wa ṣe fíìmù níbí kì í gba owó tó jọjú. Ẹni tó gbé iná, ẹni tó se oúnjẹ fáwọn òṣèré, ìyá tó yọ̀ǹda pálọ̀ rẹ̀ fún wa, orúkọ wọn tó máa gòkè níparí lẹ̀tọ́ wọn. Fídíò wòlímà ńkọ́? Bàbá Àdínì, Ìyá Àdínì, àwọn Àlùfáà, àwọn tó fowó ṣe àtìlẹ́yìn, gbogbo wọn ló ń retí ìgbà tí orúkọ wọn máa jáde. Bó bá wá jáde tí kò ṣeé kà, iṣẹ́ ò tíì parí lójú tèmi. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orúkọ ìparí yìí ni mo fẹ́ fi díwọ̀n HandBrake, irinṣẹ́ tí mo fi ń dín fáìlì fídíò kù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke.

Ọ̀fẹ́ ni HandBrake. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, kì í sì í lẹ àmì kankan mọ́ ojú fídíò oníbàárà. Ọdún 2003 ni Eric Petit bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ wọn ò pè é ní 1.0 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2016, èyí tó fi hàn pé àwọn tó ń ṣe é kì í kánjú. Nínú rẹ̀ ni x264 wà, ẹ̀yà tó ń fún fídíò pọ̀ sí irú tí wọ́n ń pè ní H.264, òun gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá náà.

Oníbàárà kan láti Ọ̀ffà gbé fídíò òde ìyá rẹ̀ wá. Ẹlòmíràn ló yà á, ẹlòmíràn ló sì dín in kù kó lè wọ inú flash. Ojú àwọn èèyàn mọ́, ijó dùn-ún wò, ohùn ò ní wàhálà. Ìgbà tó dé ibi orúkọ ló dá a dúró, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìlà yìí." Mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Èérí wínníwínní ti yí gbogbo lẹ́tà ká, 3 àti 8 ò ṣeé yà sọ́tọ̀ nínú nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ síbẹ̀, Ẹ ti di E, Ṣ ti di S, àmì ohùn sì ti lọ pátápátá. Èmi náà ò rí i kà. Mo ní kó gba ojúlówó fáìlì lọ́wọ́ ẹni tó yà á, mo sì tún un ṣe láti ibẹ̀, torí pé ohun tó bá ti sọnù nínú fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀, kò sí irinṣẹ́ tó lè dá a padà.

Kí ló dé tó jẹ́ pé orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́? Lẹ́tà funfun lórí dúdú ní etí mímú, etí mímú yìí sì wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ gé nígbà tí àyè ò bá tó, torí ó ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ojú lè fojú fò. Lára awọ èèyàn tàbí lára ewé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lára lẹ́tà, kíá lojú ń rí i. Tiwa tún le jù, nítorí àmì abẹ́ ọ tàbí ṣ lè máà ju píksẹ́lì méjì mẹ́ta lọ nínú àwòrán 1280 × 720. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lè bàjẹ́ díẹ̀ kó ṣì ṣeé kà. Tiwa á kàn di orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹ ò ní gbàgbé ayé VCD. Àwòrán 352 × 288, kilobit 1,150 fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kò sí bí orúkọ kékeré ṣe fẹ́ yè é. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí àwọn èèyàn ń fi Xvid fún odidi fíìmù pọ̀ sínú CD 700 MB, ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ dín ibi orúkọ kù, kí fíìmù fúnra rẹ̀ lè rí àyè. Xvid ní ibi tí wọ́n ti ń yàn án. Irú ọgbọ́n yẹn wà nínú x264 títí dòní, zones lorúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń gbà lọ́wọ́ orúkọ nígbà yẹn ni mo fi ń dá a padà fún wọn báyìí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ní ojú ewé Video, mo máa ń yan H.264 (x264), mo sì máa ń yan Constant Quality dípò kí n fún un ní bitrate (ìwọ̀n dátà fún ìṣẹ́jú-àáyá kan) kan pàtó. RF ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń ṣe HandBrake ni RF 20 sí 24 fún 1080p, àti 19 sí 23 fún 720p. 21 ni mo sábà ń lò. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń mọ́ sí i, tí fáìlì sì ń wúwo. Mo tún máa ń yan Constant Framerate kí òǹkà férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) má bàa tàsé.

Iṣẹ́ ìṣirò ló kàn. Ká ní fídíò jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 42, férémù 25 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí orúkọ sì bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 38 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ìṣẹ́jú-àáyá 5,900 nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 25, ó di 147,500. Ìparí rẹ̀ yóò jẹ́ 153,000, àmọ́ láti òdo ni òǹkà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà férémù tó kẹ́yìn ni 152,999. Nínú àpótí Advanced Options, mo máa tẹ:

zones=147500,152999,b=2

b=2 ń sọ fún x264 pé kó fi ìlọ́po méjì àyè sí apá yẹn nìkan. Apá orúkọ yìí ò tó ìdá 4 nínú 100 fíìmù náà, dúdú ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n fáìlì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kí n tó fi odidi fíìmù sílẹ̀, mo máa ń lo Range láti ṣe apá ìparí nìkan wò, mo sì máa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe lórí lápútọ́ọ̀pù.

Àmọ́ o, HandBrake ò lè tún ohun tí ẹni tó to orúkọ ti bàjẹ́ ṣe. Àwọ̀ pupa lórí dúdú ni ọ̀tá mi. Nínú fídíò 1920 × 1080 tá a ń lò lójoojúmọ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló pé 1920 × 1080. Àwọ̀ jẹ́ 960 × 540 péré. Lẹ́tà pupa kò ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, àwọ̀ ló gbé e dúró, ìyẹn ló fi ń rú. Ẹ lo funfun. Ẹ má sì jẹ́ kí ìgòkè rẹ̀ ní ìdajì píksẹ́lì: píksẹ́lì 3 tàbí 4 gan-an fún férémù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ yàn, kì í ṣe 3.4. Bó bá jẹ́ 4, ìlà kan á lò tó ìṣẹ́jú-àáyá 10.8 kó tó gun gíga 1080 tán, èyí tó tó fún àgbàlagbà láti ka orúkọ rẹ̀, kó sì pe ọmọ wá wò ó.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú HandBrake ni pé kò sí bọ́tìnì fún zones. Ó yẹ kéèyàn lè fi wákàtí àti ìṣẹ́jú sàmì sí ibi tó fẹ́, kó má jẹ́ pé ẹ̀rọ ìṣirò la ó máa gbé jáde. Ó tún ń pẹ́: bí lápútọ́ọ̀pù yín ò bá lágbára, ẹ ó jókòó tì í, bí iná bá sì lọ láàárín, látìbẹ̀rẹ̀ lẹ ó tún un ṣe. Àwọn encoder (ohun tó ń fún fídíò pọ̀) tó ń lo káàdì àwòrán, bíi NVENC, yára gan-an, àmọ́ wọn ò gba zones x264 yìí, mi ò sì ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́ tí orúkọ èèyàn wà nínú rẹ̀. H.265, èyí tó tẹ̀ lé H.264, dára, fáìlì rẹ̀ sì ń kéré sí i, ṣùgbọ́n inú flash lọ̀pọ̀ oníbàárà wa láti Òmù-Àrán àti Ọ̀ffà ti ń wò ó, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ilé wọn kì í sì í ka H.265. H.264 ni mo ń fún wọn.

Tí ẹ bá ń fi WhatsApp ránṣẹ́, Document ni kí ẹ fi gbé e, ó ń gba fáìlì tó tó 2 GB. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp á tún un fún pọ̀, àmì abẹ́ Ẹ á sì tún lọ.