ATLAS ti àwọn OHDSI: ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera Àjàṣẹ́, ẹ wò ó

Ọ̀fẹ́ ni ATLAS, irinṣẹ́ tí OHDSI, ẹgbẹ́ àwọn olùṣèwádìí kárí ayé tó ń fi àkọsílẹ̀ ìlera ṣèwádìí, ṣe, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń lò ó, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó bá wa wò nínú àkọsílẹ̀ ọsibítù, nínú oògùn méjì tí wọ́n ń lò fún àìsàn kan náà, èwo ló ṣe aláìsàn lóore jù. Ọ̀rọ̀ yìí le o, torí dókítà kì í ṣàdédé yan oògùn, ẹni tára ẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an lè gba èyí tó lágbára, tó bá wá kú, wọ́n á ní oògùn yẹn ló pa á.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò gba ìkánjú. Wàá sọ irú ẹni tó o fẹ́ kà, ọjọ́ wo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ni àbí ó ti ń lò ó tipẹ́. Ó tún lè fi àwọn tó jọra wéra. Wàá sì fún un ní àwọn àìsàn tí kò kan oògùn méjèèjì rárá, bí èékánná tó wọnú ẹran, tó bá wá rí ìyàtọ̀ níbẹ̀, á jẹ́ pé ìṣirò náà ní àbùkù nìyẹn. Èyí wù mí gidi gan-an!

Irinṣẹ́ àwọn OHDSI náà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tó jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn, ní 2019, èèyàn mílíọ̀nù 4.9. ACE inhibitor, irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, làwọn dókítà ń kọ́kọ́ fún èèyàn jù, àmọ́ thiazide, oògùn àtijọ́ tí ò wọ́n, ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn jù ú lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Amẹ́ríkà, Jámánì, Japan àti Korea ni àkọsílẹ̀ yẹn ti wá. Ìwé kékeré tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà níbí, ATLAS ò lè kà á, ó dìgbà tẹ́nì kan bá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó tún tò ó bí OMOP, ìlànà tí wọ́n fi ń to àkọsílẹ̀ ìlera, ṣe fẹ́, iṣẹ́ ńlá gbáà lèyí, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ Faransé la fi kọ́ṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú démò wọn, kì í ṣe aláìsàn gidi ló wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ọsibítù bá fẹ́ gbé e sórí sáfà tara wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, dáadáa.