Àká méjì ní Cressing Temple: ẹ gbójú sókè tí ẹ bá débẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí Cressing Temple báyìí, láàárín Witham àti Braintree ní Essex, àká méjì tó wà níbẹ̀ ló sì ń fà mí lọ. Káfíńtà ni bàbá mi títí dọjọ́ ikú. Àwa ọmọ la máa ń bá a di igi mú tó bá ń rẹ́ ẹ, nítorí náà òrùlé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò níbikíbi tí mo bá wọ̀.

Àká Báálì ló dàgbà jù, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n ti kọ́ ọ. Àká Àlìkámà tẹ̀ lé e kí ọ̀rúndún náà tó parí. Àwọn ajagun ẹlẹ́sìn tí wọ́n ń pè ní Templar ló ni oko náà. Ayaba Matilda, ìyàwó Ọba Stephen, ló ta wọ́n lọ́rẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1137.

Tí ẹ bá wọ Àká Àlìkámà, ẹ dúró díẹ̀ kí ojú yín lè mọ́ òkùnkùn náà lára. Àwọn òpó óàkù ńláńlá tò lọ́tùn-ún lósì bí òpó inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbé òrùlé kan dání tí ọrùn á fi máa dunni ká tó wò ó tán. Ọmọbìnrin mi ní, "Dádì, ìṣó ńkọ́?" Mo ní kó wá a. Ó wá a títí, kò rí i. Ńṣe ni wọ́n gbẹ́ igi kan wọ inú èkejì, tí wọ́n wá fi èèkàn igi dè é pa. Cecil Hewett, tó yẹ iṣẹ́ káfíńtà àtijọ́ ní Essex wò dáadáa, ló fi yé àwọn èèyàn pé a lè fi ibi tí igi ti pàdé mọ ọjọ́ orí ilé. Bí ilà ojú ṣe ń sọ ìlú èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí káfíńtà fi so igi pọ̀ ń sọ ìgbà rẹ̀.

Ní 1381, nígbà tí owó orí sú àwọn ará oko, wọ́n ya bo oko yìí, torí ẹgbẹ́ tó ni ín nígbà náà ni Robert Hales tó ń ṣọ́ àpò ọba ń darí. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù yẹn kan náà. Àwọn àká náà ṣì wà lórí ìdúró.

Ìpele kìíní ni òfin fi wọ́n sí. Nínú ogójì ilé tí òfin yìí ń dáàbò bò ní England, bí ọ̀kan ló ń dé ìpele náà, ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba sì ni kéèyàn paárọ̀ nǹkan kan lára wọn láìgba àṣẹ. Ìjọba ìbílẹ̀ Essex ló rà wọ́n ní 1987.

Òtútù inú wọn kì í ṣe kékeré, ẹ mú kóòtù dání. Ọgbà olódi tó wà níta dára, ìyàwó mi tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju àká lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo rí orúkọ ayaba, mo rí ti ajagun, n kò rí ti káfíńtà kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jogún ayùn bàbá wa ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù kẹjọ. Ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ mú un lọ, kó tó rí Lọ́ńdọ̀nù rárá.