Gáùn tí obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ dì: àgbéyẹ̀wò mi lórí gáùn àrómọ́ra

Kì í ṣe ẹwà ni mo kọ́kọ́ fi fẹ́ràn gáùn àrómọ́ra, èyí tí àwọn aláṣọ ń pè ní wrap dress. Aṣọ tó rẹwà pọ̀ lọ jàra. Ohun tó mú mi dúró tì í ni pé kò ní síìpù lẹ́yìn, kò ní bọ́tìnnì, kò ní ìkọ́, èmi fúnra mi ni mo sì ń pinnu ibi tí yóò ti fún mi àti ibi tí yóò ti dẹ̀. Màá na ọwọ́ sínú rẹ̀ bí ẹni ń wọ kóòtù, màá fa ẹ̀gbẹ́ kan bo èkejì lójú àyà, màá ti okùn kan gba ihò kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, màá fà á yí ẹ̀yìn ká, màá sì so ó mọ́ okùn kejì. Ó parí. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni kó wá bá mi fa síìpù sókè.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọ irú gáùn yìí lọ síbi iṣẹ́ àti sí ìrìn àjò. Mo wọ̀ ọ́ nígbà tí mo lóyún, mo sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí mo bímọ. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó rán àwọn tí mo ní, nítorí kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ni mò ń yẹ̀ wò. Bí wọ́n ṣe gé gáùn náà ni mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí, gbogbo wọn ló sì ń gé e bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé nínú gbogbo aṣọ tí wọ́n ní ó yí ìwọṣọ obìnrin padà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò sí èyí tó ṣe tó o. Aránṣọ ló máa ń pinnu bí aṣọ ṣe máa bá ara mu. Gáùn yìí gba ìpinnu yẹn kúrò lọ́wọ́ aránṣọ, ó gbé e fún ẹni tó wọ̀ ọ́.

Diane von Furstenberg, obìnrin aránṣọ kan, ni gbogbo ayé mọ gáùn náà mọ́. Brussels, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1946. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó là á já ní Auschwitz, àgọ́ ikú tí àwọn Násì kó àwọn Júù sí nígbà ogun àgbáyé kejì. Ìdí ẹ̀rọ ló ti kọ́ iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ Angelo Ferretti ní Ítálì, níbi tó ti rí bí wọ́n ṣe ń hun jersey, aṣọ rírọ̀ tó ń fà, àti bí wọ́n ṣe ń tẹ àwọ̀ àti òdòdó sí i lára. Ní 1970, ó kó gáùn díẹ̀ tó rán níbẹ̀ lọ han Diana Vreeland, olóòtú ìwé ìròyìn Vogue ní New York, ìyẹn sì fún un ní ìṣírí. Gáùn tí mò ń sọ kò tíì sí nínú ẹrù yẹn o. Búláósì tí wọ́n ń ró lójú àyà ló ṣáájú, pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tó bá a lọ. Lọ́jọ́ kan ó rí Julie Nixon Eisenhower, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, lórí tẹlifíṣọ̀n, tó wọ búláósì àti síkẹ́ẹ̀tì náà pọ̀, ó sì rò ó pé kí ló dé tí àwọn méjèèjì ò lè di ẹyọ kan. Ọdún 1974 ni gáùn náà jáde. Kí 1976 tó parí, ó ti tà ju mílíọ̀nù kan lọ, Newsweek sì ti gbé àwòrán obìnrin náà sí iwájú ìwé rẹ̀ ti ọjọ́ 22, oṣù Kẹta ọdún yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọlá fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀ náà. Láàárín 1930 sí 1939 ni aránṣọ kan tó ń jẹ́ Charles James ti gé gáùn kan tó ń lọ́ yí ara ká, tí wọ́n ń pè ní gáùn takisí, nítorí ó rọrùn débi pé obìnrin lè wọ̀ ọ́ lórí àga ẹ̀yìn nínú takisí. Ní 1942, nígbà ogun àgbáyé kejì, aránṣọ mìíràn, Claire McCardell, ṣe gáùn Popover ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi aṣọ jíìnsì rán. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà, àwọn ìyàwó ilé sì nílò aṣọ tó máa dúró de iṣẹ́ ilé láì sọ wọ́n di ẹlẹ́gbin lójú àlejò. Wọ́n tilẹ̀ so ìbọ̀wọ́ ìdáná mọ́ ọn lára, kí wọ́n lè fi gbé ìkòkò gbígbóná. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ibi ìdáná ni Popover ń wò. Gáùn ti 1974 ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyàtọ̀ tó ga jù láàárín àwọn méjèèjì ni aṣọ tí wọ́n fi rán wọn, ibẹ̀ sì ni mo rò pé àwọn tó ń kọ ìtàn aṣọ kì í dúró pẹ́ tó. Aṣọ jíìnsì kò ṣeé fà. Tí ẹ bá ró o mọ́ra, ó máa dúró gbagidi, ìṣẹ́po rẹ̀ á wú ní ìbàdí. Jersey yàtọ̀, híhun ni wọ́n hun ún ní ojú-kókó bíi súẹ́tà, nítorí náà ó ń fà, ó sì ń padà. Bí mo bá mí, ó ń bá mi mí. Bí mo bá tẹ̀, ó ń bá mi tẹ̀. Láyé àtijọ́, aṣọ abẹ́ àwọn ọkùnrin ni wọ́n sábà ń fi jersey rán, títí aránṣọ kan, Gabrielle Chanel, fi mú un nígbà ogun àgbáyé kìíní, tó fi rán aṣọ ìta fún obìnrin ní Faransé. Àwọn tó rí i nígbà náà wo aṣọ tálákà. Chanel rí aṣọ tí obìnrin lè fi rìn. Chanel wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fún obìnrin ní aṣọ tó ń fà. Ó wá ku kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ okùn tí obìnrin fúnra rẹ̀ ń dì, ìyẹn sì dúró di ọdún 1974 kó tó gbilẹ̀.

Ẹ tún wo ìgbà tó jáde. Obìnrin ń wọ ọ́fíìsì lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọn ò sì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n wọ̀. Aránṣọ ọmọ Faransé náà, Yves Saint Laurent, ti gbé Le Smoking jáde ní Paris ní 1966, kóòtù àti ṣòkòtò tó dà bíi ti ọkùnrin, ó sì gbayì. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé kí obìnrin yá ìrísí ọkùnrin lò kí wọ́n tó kà á sí ẹni tó mọṣẹ́. Gáùn àrómọ́ra kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kọ́là, ó ní apá gígùn, ó dé orúnkún, ó ṣeé fi jókòó níwájú ọ̀gá, ó sì ṣeé wọ̀ lọ sí òde lálẹ́ ọjọ́ kan náà láì pààrọ̀ ju bàtà lọ. Ní oṣù Kẹwàá 1974 kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó dá àwọn ayánilówó lẹ́kun láti fi owó du èèyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí nítorí pé ó ti lọ́kọ tàbí kò lọ́kọ. Ṣáájú ìyẹn, báńkì lè ní kí ọkọ wá fọwọ́ sí i kí ìyàwó tó gba káàdì. Gáùn kọ́ ló mú òfin wá. Síbẹ̀, obìnrin tó ń fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ fún iṣẹ́ ara rẹ̀ ni àwọn méjèèjì bá pàdé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Ara obìnrin kì í dúró sójú kan. Ó ń wú bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, ó ń sanra, ó ń fọn, ó ń lóyún, ó ń bímọ. Gáùn onísíìpù kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Bí ara bá kúrò ní ìwọ̀n tí wọ́n fi rán an, ó di ohun àgbékọ́. Èyí tí mò ń sọ yìí, mo kàn ń yí ibi tí mo ti dì í ni. Bí mo bá jẹun yó, mo dẹ okùn díẹ̀. Nígbà tí mo lóyún, ó bá mi lọ dáadáa ní àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń dì í sókè lábẹ́ ọmú dípò ìbàdí. Nígbà tí ikùn wá yọ gedegbe, iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga ju ẹ̀yìn lọ, ni mo bá gbé e jù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ìbímọ, n kò rí aṣọ tó dà bí i. Abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú kò ní bọ́ nǹkan kan. Ó kàn máa fa ẹ̀gbẹ́ àyà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ á mu, yóò sì fà á padà. Inú mi máa ń dùn pé mo lè múra bí èèyàn gidi ní àkókò tí ara mi kò tíì padà sípò.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ó wà, ó sì tó sọ. Ojú àyà rẹ̀ ń ṣí. Ẹni tó bá ní ọmú ńlá á rí i pé bí òun bá ti rìn díẹ̀ báyìí, ọrùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tó fi í sí lọ; ẹni tí àyà rẹ̀ kéré á rí i pé aṣọ ń dẹ̀ gbàgà bí òun bá tẹ̀ síwájú. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi pínnì dì í, nítorí pínnì máa ń dá jersey lu, ihò náà á sì máa fẹ̀ sí i. Bọ́tìnnì àtẹ̀pọ̀ kékeré tí aránṣọ fi ọwọ́ rán sí ìkọ́rí àyà dára jù ú lọ, tàbí kí ẹ wọ ṣìmí sábẹ́ rẹ̀. Àléébù kejì ni afẹ́fẹ́. Níta gbangba, atẹ́gùn lè gbé ẹ̀gbẹ́ òkè kúrò lórí itan ká tó ṣẹ́jú, pàápàá lórí àtẹ̀gùn àti nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀ nínú ọkọ̀. Mo ti kọ́ láti máa fi ọwọ́ kan di ìṣẹ́tí rẹ̀ mú, ó sì máa ń sú mi bí ẹrù bá wà lọ́wọ́ mi. Lójú tèmi, gáùn tí ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀ kò bo ti ìsàlẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì iwájú ara, kì í ṣe aṣọ iṣẹ́.

Aṣọ tí wọ́n fi rán an ló ń pinnu bí yóò ti pẹ́ tó. Òwú àti rayon (okùn àtọwọ́dá tí wọ́n fi igi ṣe) tí wọ́n pa pọ̀ ni ti àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni mo ṣì fẹ́ràn jù. Jersey tí wọ́n fi sílíìkì hun tutù lára, ó ń wọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n omi kékeré tó bá ta sí i máa ń fi àmì sílẹ̀. Polyester kì í rún, ó sì rọrùn láti fọ̀, àmọ́ ó ń mú òógùn dání, òórùn rẹ̀ kì í sì í fẹ́ lọ. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ má sá a rọ̀ sórí okùn nígbà tó bá ṣì ń kán, nítorí ìwúwo omi á fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn; ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ohun tó mọ́. Lọ́nà ìrìn àjò, mo máa ń ká a bí ẹní, kì í sì í béèrè áyọ́ọ̀nù tó bá délẹ̀.

Kí àwọn ọdún 1970 tó tán, ó ti pọ̀ lọ́jà jù, ilé ìtajà ò rí i tà mọ́. Ọdún 1997 ni von Furstenberg tó gbé e padà wá, nítorí ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń wá àwọn ti àtijọ́ kiri ní ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù. Láti ìgbà náà kò lọ mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni èyí tí wọ́n ń pè ní àrómọ́ra ṣùgbọ́n tí wọ́n ti rán iwájú rẹ̀ pa, tí wọ́n kan so okùn lásán mọ́ ọn fún ẹ̀ṣọ́. Lójú, ó jọ ọ́. Lára, kò jọ ọ́ rárá, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ ti wà ní ibi tí aránṣọ fi í sí, okùn náà kò sì lè yí nǹkan kan padà. Mo ra ọ̀kan rí, mo sì fi tọrẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ má fi mọ sí dídúró níwájú dígí. Ẹ wá àga, ẹ jókòó, kí ẹ sì wo ibi tí ẹ̀gbẹ́ òkè sá dé lórí itan. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ, kí ẹ wo bóyá okùn ń kúrò ní ìbàdí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yí ihò ẹ̀gbẹ́ tí okùn ń gbà kọjá ká. Ó yẹ kí wọ́n ti rán etí rẹ̀ yíká dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gáùn yìí ti máa ń kọ́kọ́ ya. Bí òwú bá ti ń tú níbẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí háńgà, ẹ dá a padà.