Bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà: Peacock, Paramount+, ESPN, Fox tàbí ántẹ́nà lásán, èwo ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń yà lẹ́nu jù. Nílé, DStv nìkan la ń sanwó fún, SuperSport á sì gbé Premier League, La Liga àti Champions League wá bá wa níbi tí a jókòó sí. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ra Premier League yàtọ̀ sí èyí tó ra Champions League, èyí tó ra La Liga tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ní gbogbo rẹ̀, bó ti wù kí ìpolówó rẹ̀ dùn tó. Ẹni tó bá sì ní òun á ra márààrún tí mo fẹ́ sọ owó wọn yìí pa pọ̀, owó rẹ̀ á lé ní $80 lóṣù.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ mú ìdíje kan ṣoṣo tí ẹ kò lè fi ṣeré, kí ẹ ra ìyẹn, kí ẹ wá máa ra àwọn yòókù ní oṣù tí ẹ bá nílò wọn nìkan. Ìdajì kejì ọdún 2025 ni mo ti mú iye owó tí mo kọ síbí. Wọ́n fẹ́ràn láti máa fi owó lé e, nítorí náà ẹ tún un wò kí ẹ tó fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀.

Peacock àti Paramount+

Àwọn méjì yìí, tí wọ́n ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣíyèméjì lé lórí.

NBC, ilé-iṣẹ́ tó ni Peacock, ló ń gbé Premier League láti sáà 2013–14. Àdéhùn tí wọ́n tún ṣe ní 2021 á gbé wọn dé 2028, ìròyìn sì sọ pé $2.7 bílíọ̀nù ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún un. Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 ló ń jáde. Ẹni tó bá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí ló mọ iyì èyí jù, torí pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé kì í jáde lórí tẹlifíṣàn nígbà tí wọ́n bá ń gbá a lọ́wọ́. Níbí, gbogbo rẹ̀ lẹ ó rí: aago mẹ́wàá àárọ̀ ní New York, mẹ́sàn-án ní Houston, méje ní Los Angeles. Ti aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ni kí ará Los Angeles má bọ́ sí, torí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí nìyẹn lọ́dọ̀ tirẹ̀.

$10.99 ni Peacock lóṣù, ìpolówó sì wà nínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 yẹn ló wà lórí rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ń lọ sórí USA Network, ìkànnì tó jẹ́ ti kébù, ẹ kò sì ní rí ìyẹn wò láàyè lórí Peacock. Àtúngbé rẹ̀ lẹ ó dúró dè. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sanwó tán kó tó mọ èyí. Ẹ wo àtòjọ eré ẹgbẹ́ yín fún oṣù tó kọjá, kí ẹ ka iye tó bọ́ sórí USA. Bó bá ju ìdajì lọ, Peacock nìkan ò ní tó yín, àfi kí ẹ wá àkójọ ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Sling tàbí YouTube TV tó ní USA nínú.

Ní ti ohùn, NBC ni mo fún ní ipò kìíní láìjanpata. Peter Drury dé ọ̀dọ̀ wọn ní 2022, ṣùgbọ́n etí wa ní Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Òun náà ló ké góólù Tshabalala ní Ife Àgbáyé 2010. Bí akéwì ni ọkùnrin náà ṣe ń sọ bọ́ọ̀lù: á ki agbábọ́ọ̀lù, á ki ìlú tó ti wá, á tún dárúkọ òjò tó ń rọ̀. Àwọn kan ní àsọjù ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí Lee Dixon, tó gbá ẹ̀yìn ọ̀tún fún Arsenal, bá jókòó tì í, tó ń fi gbólóhùn kúkúrú tú àṣìṣe àwọn ẹlẹ́yìn palẹ̀. Nínú sítúdíò, Rebecca Lowe ni atọ́kùn láti sáà àkọ́kọ́. Robbie Earle wà níbẹ̀, òun ló gbá góólù àkọ́kọ́ tí Jamaica ní nínú Ife Àgbáyé wọlé ní 1998. Robbie Mustoe wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Tim Howard, tó ti ṣọ́lé fún Man United àti Everton. Ọ̀rọ̀ wọn tutù, bọ́ọ̀lù ló sì kún inú rẹ̀.

Paramount+ ò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. $7.99 ni owó rẹ̀ lóṣù ní 2025, CBS ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ti ń gbé Champions League láti August 2020. Àdéhùn wọn dé 2030. Europa League náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ti wo Ademola Lookman ní May 2024, nígbà tó gbá góólù mẹ́ta wọ àwọ̀n Leverkusen ní Dublin. Ṣùgbọ́n sítúdíò ni ọ̀pọ̀ ń torí ẹ̀ sanwó. Kate Scott, tí ẹ ti mọ̀ sí Kate Abdo, ló ń darí wọn: Thierry Henry, Micah Richards àti Jamie Carragher. Micah á bú sẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, Carragher á máa jiyàn, Henry á dákẹ́, lẹ́yìn náà á sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní èsì. Nígbà míì ẹ̀fẹ̀ wọn máa ń gba iwájú bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé bí góólù ṣe wọlé á sì kàn máa dúró.

Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ rò dáadáa ni aago. Aago mẹ́ta ọ̀sán Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè ní New York ni èyí tó pọ̀ jù nínú Champions League ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, àtúngbé ló ń rà, kó sọ òótọ́ fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì lè yọ́ wo fóònù díẹ̀díẹ̀, ètò tí wọ́n ń pè ní Golazo Show ló dára fún un: wọn á máa fò láti pápá kan sí òmíràn bí góólù bá ṣe ń wọlé.

Bí owó bá jẹ́ ti ẹyọ kan ṣoṣo, Peacock ni kí ẹ mú láti August dé May. Ẹ fi Paramount+ sílẹ̀ di February, nígbà tí Champions League bá di ta-ló-máa-jáde.

ESPN àti Apple

La Liga wà lọ́dọ̀ ESPN láti 2021, fún ọdún mẹ́jọ, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì. ESPN Unlimited jẹ́ $29.99, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wá nǹkan míì ju La Liga lọ, ìpele kékeré tí wọ́n ń pè ní Select ni kó rà, kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi American football tàn án ra èyí tó wọ́n.

Apple ló ni MLS, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, láti 2023. Ní 2026 wọ́n da gbogbo rẹ̀ mọ́ Apple TV lásán, $12.99, kò sí àfikún Season Pass mọ́. Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ lójú mi, ẹ sì lè yí ohùn rẹ̀ sí ti rédíò àwọn onílé. Bí kì í bá ṣe Messi tàbí ẹgbẹ́ ìlú yín lẹ ń tẹ̀ lé, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Fox, Telemundo àti ántẹ́nà

Ife Àgbáyé 2026, láti 11 June sí 19 July, ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 104. Fox ló ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì: 70 lórí Fox fúnra rẹ̀, 34 lórí FS1, ìkànnì kébù tiwọn. Fox One, tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, jẹ́ $19.99 lóṣù. (Super Eagles kò sí níbẹ̀, DR Congo fi pẹ́náritì já wa ní November 2025. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Kí ẹ tó san $19.99 yẹn, ẹ gbọ́ èyí. Afẹ́fẹ́ ni Fox ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni NBC, CBS, Telemundo àti Univision. Ántẹ́nà pẹlẹbẹ tí a ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé lè mú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó sì rà á. Ẹni tó ń gbé yàrá abẹ́ ilẹ̀ tàbí tó jìnnà sí ìlú ńlá lè má rí i gbà dáadáa. Ẹ gbé e sí fèrèsé tó kọjú sí ìgboro, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé ó yára. Àwòrán tó bá gba íntánẹ́ẹ̀tì wá lè fi ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti ántẹ́nà lọ, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn á ti kọ "Ó ti wọlé ooo!" sórí WhatsApp, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù náà ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún fírí-kíkì lójú tiyín.

Ohùn Fox ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín wa. John Strong àti Stu Holden ni wọ́n máa ń fi síwájú. Strong á máa ṣàlàyé ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Mushin ti mọ̀, torí pé ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń sú mi, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ jìnnà. Ní Ife Àgbáyé 1990, ìkànnì kébù TNT ń fi ìpolówó gé eré nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lórí pápá. Ní 2013, Fox fi Gus Johnson, ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ nídìí basketball, sọ ìparí Champions League ní Wembley. Nígbà tó fi di 2014, ó ti fi iṣẹ́ bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀.

Bí ohùn Fox bá sú ẹ̀yin náà, Telemundo, ìkànnì Sípáníìṣì ti NBC, wà ńbẹ̀. Andrés Cantor, ọmọ Argentina, ló sọ igbe góólù gígùn yẹn di ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Ẹ ò gbọ́ Sípáníìṣì? Orúkọ agbábọ́ọ̀lù àti bí ohùn ṣe ń ròkè ti tó yín. Ẹni tó bá sì ti ń san Peacock nítorí Premier League, gbogbo 104 ló wà fún un níbẹ̀ ní Sípáníìṣì. Kò nídìí tó fi máa fi Fox One kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé Super Falcons, Fox kọ́ lẹ ó wá lọ mọ́: Netflix ló ra Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ti 2027 àti 2031.

AFCON

beIN Sports ni. Ibẹ̀ la ti wo ìparí ti 11 February 2024, tí Côte d'Ivoire fi 2–1 lù wá lẹ́yìn tí Troost-Ekong ti kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé. Inú àkójọ bíi Fubo lẹ ó ti rí i, àwọn yẹn sì wọ́n. Oṣù AFCON nìkan ni kí ẹ rà á.

Níbi tí ẹ bá ti sanwó náà ni ẹ ó ti fagi lé e. Bó bá jẹ́ inú Roku (ẹ̀rọ tó ń gbé áàpù wá sórí tẹlifíṣàn), Amazon tàbí fóònù Apple lẹ ti ra Paramount+ tàbí Peacock, pípa áàpù rẹ́ kò dá owó dúró. Inú Roku tàbí Amazon yẹn lẹ ó padà sí. Ẹ sì lè fagi lé e lọ́jọ́ tí ẹ san án gan-an, ẹ ó ṣì máa wò ó títí oṣù náà á fi pé.