Rọ́bà tí mo fi ń bo snare: ohun tó ṣe fún etí mi àti ohun tí kò lè ṣe

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń lu dírọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Tákíé. Láìpẹ́ yìí, bí mo bá ti ìsìn ọjọ́ Ìsinmi dé, etí mi òsì á máa hó títí di alẹ́, bí ẹni pé ìrẹ̀ há sínú rẹ̀, ìyàwó mi á sì máa bi mí pé ta ni mo ń pariwo mọ́.

Snare, ìlù pẹlẹbẹ tó wà níwájú onídírọ́ọ̀mù, ni mo fura sí. Ó máa ń bú gbàù bí ìbọn ṣákábùlà, kò sì jìnnà sí etí ẹni tó ń lù ú. Àwọn ọmọ Àyàn tó ń lu gángan lóde ìnáwó ní ojú ọ̀run tí ohùn ń gbà lọ. Ní tiwa, ògiri búlọ́ọ̀kù àti páànù ló ń dá a padà fún wa. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, dámọ̀ràn pé ariwo tó tó désíbẹ̀ẹ̀lì 85 kò yẹ kó kọjá wákàtí 8 lójúmọ́, àti pé bó bá ti fi 3 lé, kí a gé àkókò náà sí ìdajì. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ìgbaradì wa lálẹ́ Sátidé nìkan ń gba wákàtí méjì.

Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ ni mo rà, ó fẹ̀ ní íǹṣì 14 bí ojú snare mi, orí awọ ni a kàn ń gbé e lé. Tówẹ́ẹ̀lì ni mo ń tẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n igi kì í ta padà lórí aṣọ. Lórí rọ́bà yìí, igi ń ta padà dáadáa, ohùn tó ń ró "pàá" sì di "pọ́" tó kéré jọjọ. Láti oṣù márùn-ún tí mo ti ń lò ó fún ìgbaradì, etí mi kì í hó mọ́ lálẹ́ Sátidé. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn lílù wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ òsì máa ń dà sáàárín ìlù kì í dún jáde rárá, nítorí awọ tí rọ́bà tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò mì tó láti jí wáyà tó wà nísàlẹ̀ snare. Bí onílù kò bá ṣọ́ra, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá lù ú kó lè gbọ́ wọn, ìwà náà yóò sì bá a dé ọjọ́ tí rọ́bà kò sí níbẹ̀. Èmi náà kó sí i. Nínú ooru ọ̀sán, kí n má parọ́, òórùn táyà tuntun ló ń jáde lára rẹ̀.

Fún ìsìn gan-an, kò wúlò. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, olórí akọrin sì bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni tó bá mi lójú oorun. Mo wá gé awọ snare kan tó ti ya sí òrùka tín-ín-rín tí mo ń tẹ́ sórí ìlù. Ìró tó ń falẹ̀ lẹ́yìn igi nìyẹn ń pa, kì í pa gbàù rẹ̀. Fóòmù àfidíetí ló ń ṣe èyí tó kù: mo ń yí i wẹ́ láàárín ìka, mo ń fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, mo ń tì í wọlé, mo sì ń dì í mú títí yóò fi wú kún ihò etí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo kàn ń fi há ẹnu ihò etí, asán ni.

Ẹni tó ń kọ́ ìlù nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, kó ra rọ́bà yìí láìjáfara. Ẹni tó jẹ́ pé inú ìsìn nìkan ló ti ń lùlù, kó fi owó rẹ̀ ra àfidíetí.