Àyẹ̀wò kóòdù P1349 lọ́dọ̀ ọ̀gá rìwáyà kan ní ọ̀nà Ẹdẹ, Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tí yóò ka kóòdù ọkọ̀ (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀) fún ènìyàn kò wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀. Láti Lágéré dé Mayfair, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní skánà, ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù, lọ́wọ́ pọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó wọ́n ni ẹni tí yóò ka kóòdù tán tí kò ní sáré dárúkọ ẹ̀yà tí ẹ gbọ́dọ̀ rà. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Ọ̀nà Ẹdẹ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Kò ní pátákó orúkọ. Taya ńlá kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn, tí wọ́n sì rì mọ́lẹ̀ dé ìdajì, ni àwọn ènìyàn fi ń júwe rẹ̀. Iṣẹ́ rìwáyà ni ọ̀gá ibẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó ti bá àwọn mẹkáníìkì ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọdún púpọ̀ débi pé kò bẹ̀rù láti tú ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń gba owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, yálà ẹ tún ọkọ̀ ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí ẹ gbé e lọ síbòmíràn, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì ń bínú sí i nítorí èyí. Ní tèmi, owó yẹn gan-an ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe é gbára lé, nítorí pé ẹni tí ó ti gba owó ọgbọ́n rẹ̀ kò ní láti dúró de èrè orí sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀yà kékeré tí ń fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní ìròyìn) kí ó tó jẹun.

Ọkọ̀ tí mo gbé lọ síbẹ̀ ni Toyota Corolla ọdún 2003, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1ZZ-FE onílítà 1.8. Iná ẹ́ńjìnnì ti tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ náà sì ń gbọ̀n nígbà tí ó bá wà ní síló (tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ ìjáná); bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wa ní Lágéré, ńṣe ni ó máa ń fẹ́ kú. Lójú ọ̀nà Òṣú sí Iléṣà, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè, kò fà mọ́ bí ó ti máa ń fà, epo tí ó ń mu sì ti lé sí i. Kóòdù tí skánà gbé jáde ni P1349. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó kà á ní kí n ra sẹ́ńsọ̀ káàmù (káàmù ni ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì). Ẹnìkejì ní bẹ́líìtì táímìnì, tí ó ń so káàmù mọ́ kíráǹkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí), ni ó ti gbó. Ẹlòmíràn tí kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn, bí ẹni pé kò gbọ́ rí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àbá kejì ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù, nítorí pé 1ZZ-FE kò ní bẹ́líìtì táímìnì rárá. Ṣéènì irin ni ó ń lò. Àwọn Corolla Amẹ́ríkà tí ó ṣáájú ti ọdún 1998, tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ 4A-FE tàbí 7A-FE, ni wọ́n ní bẹ́líìtì.

Mi ò fi gbogbo ẹ̀bi náà lé wọn lórí, nítorí pé kóòdù yìí máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ètò OBD-II, tí ọkọ̀ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ tí ó sì fi ń gbé kóòdù jáde, èyí tí ihò rẹ̀ elẹ́sẹ̀ 16 wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kóòdù tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P0 jẹ́ àjùmọ̀lò: P0340 ń tọ́ka sí ọ̀nà iná sẹ́ńsọ̀ káàmù, P0016 ń sọ pé kíráǹkì àti káàmù kò bára mu mọ́, P0011 sì ń sọ pé káàmù ti ṣáájú ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P1 wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀, ohun tí ó sì jẹ́ lára Toyota lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ó jẹ́ lára ọkọ̀ mìíràn. Lára Corolla yìí, P1349 ń sọ pé ètò VVT-i, tí ó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, kò ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pàṣẹ fún un. Skánà olówó pọ́ọ́kú kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá tilẹ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà, kò mú skánà rárá. Ó bi mí ní ìgbà tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn àti irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i, ó sì fa gèéjì ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì náà ti lọ sílẹ̀, ó dúdú, ó sì ki ju bí ó ti yẹ lọ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan o,” ni ó wí. “Ọ́ìlì ló ń darí táímìnì ọkọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.”

Àlàyé tí ó ṣe lẹ́yìn èyí nìkan tó owó tí mo san. Bí kíráǹkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, káàmù yóò yí lẹ́ẹ̀kan, ṣéènì ni ó sì so wọ́n pọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan ń wo kíráǹkì, èkejì ń wo káàmù, kọ̀ǹpútà sì ń fi ìròyìn àwọn méjèèjì wéra. Ṣùgbọ́n lórí ẹ́ńjìnnì tí ó ní VVT-i, jíà káàmù tí ó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan: fáàfù kékeré kan tí iná mànàmáná ń darí ni ó ń ti ọ́ìlì sínú jíà náà, agbára ọ́ìlì yẹn ni ó sì ń sún káàmù síwájú tàbí sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá dín, bí ó bá ki jù, tàbí bí ìdọ̀tí bá dí ọ̀nà rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò rí i pé káàmù kò dé ibi tí òun rán an, yóò sì tan iná, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ kò ní ẹ̀bi kankan. Àṣà wa láti máa da 20W-50, ọ́ìlì tí ó ki, sínú ọkọ̀ tí ó bá ti ń jẹ ọ́ìlì kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwọn 1ZZ-FE tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní òkìkí jíjẹ ọ́ìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n 5W-30, tí kò ki tó bẹ́ẹ̀, ni Toyota ní kí á máa lò, àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà dé jíà náà sì kéré.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni ó tó so skánà mọ́ ọkọ̀. Ó ka kóòdù, ó sì fi hàn mí pé kọ̀ǹpútà ti tọ́jú àkọsílẹ̀ ipò tí ọkọ̀ wà ní ìṣẹ́jú tí kóòdù náà wọlé: ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ọkọ̀ sì ń sáré níwọ̀nba. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó tẹ nǹkan kan mìíràn.

Ó wá yọ wáyà kúrò lórí fáàfù ọ́ìlì, ó sì fi mítà wọn ìdíwọ́ iná rẹ̀. Láàárín 6.9 sí 7.9 ohm ni ó yẹ kí ó wà ní ìwọ̀n ooru 20 lórí Celsius, ibẹ̀ náà ni mítà sì dúró sí. Ó tilẹ̀ fi kún un pé Ifẹ̀ máa ń gbóná ju 20 lọ, nítorí náà bí nọ́ńbà náà bá fi díẹ̀ lé, kì í ṣe àìsàn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní síló, ó fi wáyà méjì fa iná bátìrì fún fáàfù náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ẹ́ńjìnnì yẹ kí ó gbọ̀n tàbí kí ó kú lójú ẹsẹ̀, nítorí pé káàmù yóò sáré síwájú níbi tí kò yẹ. Ti ọkọ̀ mi kò gbọ̀n, kò kú, kò tilẹ̀ yí ohùn padà. Nǹkan kékeré yìí ni ó yanjú ẹjọ́ náà: iná ń dé inú fáàfù, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kò dé inú jíà.

Nígbà tí ó tú fáàfù náà sílẹ̀, irin tí ó wà nínú rẹ̀ ń lọ pẹ̀lú ìnira, kò sì ń padà tán. Lẹ́yìn bóòtù kan nítòsí rẹ̀ ni asẹ́ kékeré kan wà tí àwọn mẹkáníìkì wa púpọ̀ kì í fọwọ́ kàn. Ìdọ̀tí dúdú ti dí ojú rẹ̀ pátápátá. Ó fọ méjèèjì, ó fi rọ́bà tuntun sí ẹnu fáàfù, ó sì tún dán an wò lórí tábìlì títí irin náà fi ń lọ tí ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́.

Mo rò pé ó ti parí, àmọ́ ó ní òun kò lè búra fún ṣéènì tí òun kò rí. Ó ṣí kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì tí ó bo orí ẹ́ńjìnnì, ó fi sípánà yí kíráǹkì títí àmì ara púlì rẹ̀ fi dúró sórí òdo, ó sì pè mí kí n fojú ara mi wo àmì orí jíà káàmù méjèèjì. Wọ́n bára mu. Ká ní wọ́n ti yẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá di ti ṣéènì tí ó ti gùn tàbí tí ó ti fo eyín, iṣẹ́ ńlá sì ni ìyẹn. Ó da ọ́ìlì 5W-30 tuntun sí i pẹ̀lú fítà tuntun (lítà 3.7 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà), ó pa kóòdù rẹ́, a sì jọ gbé ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Iléṣà. Ó fà gun òkè bí mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, iná náà kò tíì padà, síló rẹ̀ sì balẹ̀.

Owó àyẹ̀wò rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí wọ́n pe sẹ́ńsọ̀ káàmù tuntun fún mi. Ìwé tí ó kọ iye tí mítà fi hàn sí sì wà lọ́wọ́ mi. Mẹkáníìkì mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ibẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní àbùkù o. Kì í gba ìpè fóònù láti fi àyè pamọ́ fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ dá lóhùn, àwọn onítakisí sì ti mọ̀, wọ́n máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kò sí ibi ìjókòó gidi, bẹ́ẹ̀ ni òrùlé ibẹ̀ kò bo ju ọkọ̀ kan lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òjò lè dá iṣẹ́ yín dúró láàárín. Ọ́ìlì tí ó ń tà fi díẹ̀ wọ́n ju ti ọjà lọ; kò bínú nígbà tí mo ní mo lè ra tèmi wá, ṣùgbọ́n ó yẹ ìdérí àti ìdè rẹ̀ wò dáadáa kí ó tó gbà á, mi ò sì dá a lẹ́bi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì ní sùúrù tirẹ̀: ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ pa kóòdù rẹ́ kí ọ̀gá tó dé, ọ̀gá ni ó sì ké sí ọmọ náà láti òkèèrè pé kí ó fi í sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ Jámánì ni ẹ ní, òun fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín pé skánà òun kò wọ inú rẹ̀ jinlẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má ṣe tú orí bátìrì kúrò nílé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa kóòdù náà rẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé àkọsílẹ̀ ipò ọkọ̀ yóò bá a lọ. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sùn sítòsí ibẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè tutù nígbà tí ó bá kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí i ní òwúrọ̀. Ìró ṣéènì tí ó ti gùn máa ń hàn ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, kí ọ́ìlì tó gun òkè. Ẹ sì rántí orúkọ ọ́ìlì tí ẹ dà sí i kẹ́yìn, torí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bi yín nìyẹn.